Kí lo fi bọ́ wọn?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ìbéèrè kan ti ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí. Ìyá kan tó ń ta ẹyin ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló bi mí, ohùn rẹ̀ kò sì le rárá: "Kí lo fi bọ́ wọn?" Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n èsì mi kò tó ìbéèrè rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń da oúnjẹ sínú ọpọ́n fún àwọn adìyẹ mi níbí ní Kétu láàárọ̀, màá kàn dúró, agolo á wà lọ́wọ́ mi, màá sì tún gbọ́ ọ.

Igba adìyẹ ni mo ní nígbà náà, ẹyin wọn ni mo sì fi ń rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, màá kó àwo ẹyin sínú ọkọ̀ tó ń gba Ìpóbẹ̀ àti Ṣakété lọ sí Àjàṣẹ́, Ìyá á sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí a ti jọ ń ṣe é. Kò ka ẹyin mi rí kó tó sanwó.

Ẹyin inú abọ́

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló pè mí lórí fóònù. "Ìyàwó wa, bó o bá ń bọ̀ lọ́la, tètè dé. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o fi ojú ara rẹ rí." Mi ò sùn dáadáa. Mo rò pé bóyá ẹnì kan jẹ ẹyin, inú wá ń run ún.

Nígbà tí mo débẹ̀, kò jẹ́ kí n sọ ẹrù kalẹ̀. Ó gbé abọ́ funfun kan síwájú mi, abọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí létí. Ó mú ẹyin kan nínú àwo tó ti wà nínú firíìjì rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ọjà kò yá lóṣù náà. Ó kan án mọ́ etí abọ́, ó là á.

Pupa ẹyin náà kò pọ́n. Ó dà bí ewé tó ti bọ́ sílẹ̀ lánàá, tí kò tutù mọ́, tí kò sì tíì gbẹ tán; lápá kan, ó ti ń di àwọ̀ ilẹ̀. Funfun tó yí i ká pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Mo tẹ orí ba, mo gbóòórùn rẹ̀. Kò rùn. Òórùn ẹyin tútù lásán ni, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù jù, torí ẹyin tó bàjẹ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ó fọ́ èkejì. Bákan náà. Ó fọ́ ìkẹta, tirẹ̀ ṣókùnkùn ju ti ìkejì lọ. Kò sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Ó fi ọmọ ìka kan ti pupa ìkẹta, kò sì tú. Ó kàn ń yí gbirigbiri nínú abọ́ bíi rọ́bà. Obìnrin kan tó ń dín ẹyin fún àwọn oní-zẹ́mí, àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò, láàárọ̀ ti dá àwo méjì padà fún un, ó ní àwọn oníbàárà òun ti ń wo òun bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan sí wọn lẹ́nu.

Ìgbà náà ló wá bi mí. "Kí lo fi bọ́ wọn?"

Mo ní, "Èérí òwú ni mo fi dípò sóyà, Màmá. Ẹni tó tà á fún mi ní màlúù ń jẹ ẹ́."

Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. "Ọmọ mi, màlúù kì í yé ẹyin."

Mo san owó àwo tó bàjẹ́ padà fún un. Ó gbà á, ó yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní kí n fi wọ ọkọ̀. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ.

Nínú ṣàkì àti nínú ìwe

Ẹni tó ta èérí náà fún mi kò purọ́. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá sókè lọ́hùn-ún mọ̀ pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí koríko gbẹ, èso òwú wà lára ohun tí àwọn Fúlàní fi ń gbé ẹ̀mí màlúù wọn ró. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò sì ṣaláìní òwú. Ní àsìkò 2019 sí 2020, òwú tí wọ́n kó lóko ní orílẹ̀-èdè wa lé ní 700,000 tọ́ọ̀nù. Òwú tó bá pọ̀ tó yẹn, èso inú rẹ̀ kò lè kéré. Bí wọ́n bá sì ti fún òróró inú èso tán, èérí tó kù kún fún purotéènì. Purotéènì ni adìyẹ tó ń yé ń wá. Sóyà ń gbówó lórí, èérí òwú wọ́pọ̀. Mo yọ sóyà díẹ̀díẹ̀, mo fi èérí rọ́pò rẹ̀. Àwọn baba wa ní ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Mo mọ òwe náà dáadáa. Nígbà tí ọwọ́ bá kúrú, èèyàn á máa rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n pa á fún.

Ọmọ àbúrò ọkọ mi kan ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun ọ̀sìn ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí ní Kétu. Òun ló jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó mú èso òwú kan wá, ó fi abẹ là á sí méjì, ó ní kí n gbé e sún mọ́ iná. "Ẹ wò ó, Màmá." Àwọn tóótòòtó dúdú kún inú rẹ̀, wọ́n kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Inú àwọn tóótòòtó yẹn ni oró tí wọ́n ń pè ní gossypol ń gbé.

Bí màlúù bá jẹ ẹ́, inú ṣàkì ló ti kọ́kọ́ bọ́ sí. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, oúnjẹ á sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó kọjá. Níbẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú gossypol ti ń so mọ́ purotéènì, tí kò fi ní wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ màlúù tí ṣàkì rẹ̀ kò tíì gbó pàápàá kò ní ààbò yìí. Adìyẹ kò ní ṣàkì rárá. Ìwe ló ní.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ pé adìyẹ ń jẹ ọkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó ní òun ò léyín. Ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń gbé mì? Mo rò pé òwe yìí wà lára ohun tó tàn mí jẹ. Ó ti fi sí mi lọ́kàn pé kò sí ohun tí ìwe adìyẹ kò lè kápá. Òótọ́ ni, ìwe ń fi òkúta lọ ọkà. Ṣùgbọ́n oró kì í ṣe ohun líle. Bí ìwe bá ṣe lọ̀ ọ́ kúnná tó ni ó ṣe ń rọrùn fún un tó láti wọnú ara.

Bó bá wá wọnú ara, irin ló ń wá. Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì wà nínú pupa ẹyin. Tí gossypol tó wà lófẹ̀ẹ́, tí kò so mọ́ nǹkan kan, bá ti tó nǹkan bí 50 mílígíráàmù nínú kílò oúnjẹ kan, ó lè tó láti ba àwọ̀ pupa ẹyin jẹ́. Kì í sì í ṣe lọ́jọ́ tí adìyẹ yé e. Ẹyin tútù lè mọ́, kó pọ́n, kó wuni. Bó bá wá pẹ́ nílẹ̀, pàápàá nínú firíìjì, irin inú pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò níbi tó so mọ́, òun àti gossypol á pàdé, àwọ̀ ewé gbígbẹ yẹn á sì jáde. Ní ti funfun tó ń pọ́n, òróró tó ṣẹ́kù nínú èérí ló fà á. Ọ̀rá kan wà nínú òróró òwú tó máa ń sọ awọ tó bo pupa ẹyin di ahẹrẹpẹ, irin á wá gbabẹ̀ jò sínú funfun.

Ohun tó gún mi lọ́kàn jù nínú àlàyé ọmọ yìí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ní ilé mi, ẹyin àárọ̀ la ń sè lálẹ́. Mi ò lè rí i láé. Ìgbà tí ẹyin bá ti kúrò lọ́wọ́ mi, tó ti di ohun ọjà ẹlòmíràn, tó ti wọ firíìjì ẹni tí kò mọ ilé adìyẹ mi, ìgbà náà ni ohun tí mo ṣe yóò tó fojú hàn.

Àmì tún wà nílé o, bí n bá ní ojú rẹ̀. Ẹyin tí mò ń kó lójúmọ́ ti wálẹ̀ láti bí 160 sí bí 130. Mo ní ooru ni. Oúnjẹ ń kù nínú ọpọ́n nírọ̀lẹ́, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní wọ́n ti yó.

Ohun tí òwú ń ṣọ́

Mo bínú sí òwú fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó láti ọ̀dọ̀ òwú fúnra rẹ̀.

Ewúrẹ́ tí a bá lé á sá. Adìyẹ tí àṣá bá rà bàbà lé lórí á sá wọ abẹ́ nǹkan. Igi kò lè sá, ewéko kò lè kàn. Èso ni ọmọ rẹ̀, ojú kan ló sì dúró sí tí gbogbo kòkòrò ilẹ̀ ń wá a wá. Kí ni ìbá ṣe, bí kò bá fi nǹkan kíkorò sára ọmọ rẹ̀?

Ní 1899, onímọ̀ kẹ́míkà ará Pólándì kan, Leon Marchlewski, yọ oró yìí jáde láìlábùlà, òun ló sì sọ ọ́ ní gossypol. Nígbà tó tó bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí irúgbìn òwú kan tí kò ní tóótòòtó dúdú wọ̀nyẹn mọ́. Inú àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹran dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbìn ín sóko, àwọn kòkòrò àti eku rí òwú tí kò ní ohun ìjà, wọ́n sì jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ó di 2006 kí onímọ̀ nípa irúgbìn kan, Keerti Rathore, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas tó rí ọ̀nà tí oró fi dín kù gan-an nínú èso nìkan, tó sì ṣẹ́kù sára ewé àti igi láti máa ṣọ́ ilé. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà gbà pé èèyàn àti ẹran lè jẹ èso òwú náà. Irú òwú yẹn kò tíì dé oko tiwa. Tiwa ṣì ní ohun ìjà rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Omi àkọ́kọ́

Àwùjẹ ló mú mi rántí ìyá mi. Bó bá ń se àwùjẹ, á jẹ́ kó hó dáadáa, á sì gbé ìkòkò kúrò lórí iná, á da omi yẹn nù sẹ́yìn ilé, á tún bu omi mìíràn sí i. Mo bi í nígbà kan, torí èmi ni mò ń pọnmi, kí ló dé tí a fi ń da omi nù. Ó ní, "Omi àkọ́kọ́ kì í ṣe tiwa." Ó parí síbẹ̀. Ọjọ́ orí mi kò tó mẹ́wàá.

Àwọn obìnrin ilé wa mọ gbogbo èyí. Wọ́n mọ èsúrú tí a gbọ́dọ̀ rẹ, tí a sì gbọ́dọ̀ sè títí. Ẹ wo ẹ̀gẹ́. A ó bó o, a ó rin ín, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e lórí fún ọjọ́ bíi mélòó kan, omi rẹ̀ á máa ro sílẹ̀, a ó sẹ́ ẹ, a ó wá yan án nínú agbada gbígbóná kó tó di gààrí. Ẹ̀gẹ́ ní oró tí wọ́n ń pè ní linamarin. Ìgbà tí a bá rin ín ni oró yìí máa ń pàdé ohun mìíràn nínú ara ẹ̀gẹ́ tó ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, cyanide, oró gan-an tó ń pani, tó jáde nínú rẹ̀ á sì bá afẹ́fẹ́ àti omi lọ. Kò sẹ́ni tó sọ linamarin létí ìyá ìyá mi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí ní abúlé èyíkéyìí láàárín Kétu sí Ìpóbẹ̀, ẹ wo òkìtì èèpo. Oró ti inú èèpo pọ̀ ju ti inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Èèpo tútù yẹn gan-an la ń kó fún ohun ọ̀sìn. Adìyẹ tó bá jẹ díẹ̀ lè má kú. Ara rẹ̀ ní ọ̀nà tó fi ń sọ cyanide di ohun tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ara a máa náwó sí i. Imí ọjọ́ tó wà nínú purotéènì ló fi ń ṣe é, irú purotéènì tó yẹ kó fi yé ẹyin ńlá. Ohun tó sì sọ ọ́ dà yẹn náà ń dí àwọn ẹṣẹ́ ọrùn lọ́wọ́, ohun kan náà tó ń fa gẹ̀gẹ̀ fún èèyàn níbi tí ẹ̀gẹ́ bá ti jẹ́ gbogbo oúnjẹ, tí ayodíìnì sì ṣọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀, kí a rẹ́ ẹ kéékèèké kí a sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa ti tó láti lé púpọ̀ nínú oró náà lọ. Kò gba owó.

Sóyà tí mo ń ṣàárò rẹ̀ yìí náà ní tirẹ̀. Àwọn obìnrin Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń ṣe wàrà sóyà kì í ta á láìsè. Tútù rẹ̀ ní ohun kan tó ń dá oúnjẹ dúró nínú ikùn kó má dà; adìyẹ tó bá ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà ara inú ikùn rẹ̀ tó ń ṣe omi tí oúnjẹ fi ń dà á wú, kò sì ní dàgbà. Iná ló ń pa á. Àmọ́ bí iná bá pọ̀ jù, purotéènì tí a torí rẹ̀ rà á á jóná. Mo ti rí ẹni tó yan sóyà títí tó fi dúdú, tó ní òun fẹ́ kó jinná dáadáa. Ní ti ẹ̀pà, ẹ̀pà kò ṣẹ̀ wá: ebu tó bá hù sí i ní ìkópamọ́ ni ká bẹ̀rù. Òun ló pa tòlótòló tó lé ní 100,000 ní Ìlú Ọba ní 1960, kí wọ́n tó mọ oró inú ebu náà tí wọ́n ń pè ní aflatoxin.

Gbogbo ìgbà tí mo bá ro èyí, ibì kan náà ni mo ń padà sí. Ohun tí a kò lè gbé sẹ́nu láìsè, láìrẹ, láìsá, a mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ náà wà nínú ilé wa, ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju ilé ìwé lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ ló ti ń dúró. A rò pé ibẹ̀ ni ibi tí omi àkọ́kọ́ lè lọ. Bẹ́ẹ̀ adìyẹ tó mu ún, ẹyin rẹ̀ ń padà bọ̀ sínú abọ́.

Àwo tó wà nínú firíìjì

Ọmọ wa ní oògùn wà. Sulphate irin ni wọ́n máa ń pò mọ́ oúnjẹ, kí gossypol lè ti so mọ́ irin yẹn nínú ikùn kó tó wọ ara. Mo ronú sí i fún ọjọ́ méjì, mo sì kọ̀ ọ́. Irin tí èèyàn máa fi sí i gbọ́dọ̀ bá gossypol tó wà níbẹ̀ mu. Kò sí ohun tí wọ́n kọ sára àpò tí mo rà. Ẹni tó tà á fún mi kò mọ bí wọ́n ṣe fún òróró rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n bá ti fún un, bí wọ́n ṣe fún un, ló ń sọ bí oró tó kù á ṣe pọ̀ tó. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè fi èérí òwú bọ́ adìyẹ kó sì yọrí sí rere. Adìyẹ tí a ń sìn fún ẹran máa ń fara dà á ju èyí tó ń yé lọ. Èmi kò ní ẹ̀rọ. Mo ta èyí tó kù fún Fúlàní kan, mo padà sí sóyà yíyan, mo dín adìyẹ mi kù sí àádọ́jọ kí owó lè ká a.

Ní báyìí, mi ò ra ohunkóhun láìbéèrè. Níbo ló ti wá? Ṣé wọ́n ti yan án? Ìgbà wo ni wọ́n kó o pamọ́, ṣé òjò kò kàn án? Àwọn kan máa ń kanra mọ́ mi. Ọ̀kan ní, "Ìyá yìí, ṣé ìwọ lo máa jẹ ẹ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní pupa ẹyin máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá láti tóbi nínú adìyẹ, nítorí náà mi ò ta ẹyin kankan fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo pa oúnjẹ dà. Lẹ́yìn náà ni mo gbé àwo kan lọ fún Ìyá, ẹyọ kan péré. Mo ní kó má tà á. Ó mú bírò, ó kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwo náà, ó ti í sí ìsàlẹ̀ firíìjì, lẹ́yìn ike omi, níbi tó tutù jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ á pé ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìyá ti fi fóònù pè mí lánàá. Ó ní abọ́ funfun náà ti wà ní fífọ̀, àti pé òun ò ní fọ́ ọ̀kankan àyàfi tí mo bá dé.